"Bravo": òfurufú tí awakọ̀ kì í wọ̀ láìgbọ́ "àgò yà"

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ẹ ó kágò. Bí wọ́n bá ti inú ilé béèrè pé "Ta nìyẹn?", ẹ ò tíì gbàṣẹ; wọ́n kàn gbọ́ ohùn yín ni. Ìgbà tí wọ́n bá ní "Àgò yà!" ni ẹ tó lè gbẹ́sẹ̀ wọ ìloro. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ta nìyẹn" àti "àgò yà" yìí gan-an ni awakọ̀ bàálù kékeré gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú kó tó forí lé pápákọ̀ òfurufú ńlá bíi JFK ní New York. Òfurufú tó yí irú pápákọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ni òfin Amẹ́ríkà ń pè ní Class B. "Bravo" ni àwọn awakọ̀ ń pè é lórí rédíò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti gba JFK kọjá, tó ti tò sórí ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò níbẹ̀, á rò pé bàálù ńláńlá nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cessna 172, bàálù oníjókòó mẹ́rin, ẹlẹ́ńjìnnì kan, tí abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ń yí nímú rẹ̀, lè balẹ̀ sí JFK lọ́sàn-án gangan, lórí ojú ọ̀nà kan náà tí Boeing 777 ń lò. Pápákọ̀ gbogbo ìlú ni. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí awakọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí bàálù rẹ̀ ní irinṣẹ́ tó yẹ, kó sì gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu adarí òfurufú, ẹni tó ń fi rédíò darí àwọn bàálù, kó tó wọlé.

Kí wá ni Bravo fúnra rẹ̀? Afẹ́fẹ́ lásán ni, kò ní ògiri, kò ní ọgbà. Síbẹ̀ ó ní ìrísí, ìrísí náà sì dà bí àrọ tí ìyá elépo fi ń rọ epo sínú ìgò: ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi wé àkàrà òyìnbó ìgbéyàwó tí a dorí rẹ̀ kodò. Lójú tèmi, àrọ bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí epo ṣe ń tọ ara àrọ dé ọrùn ìgò ni àwọn bàálù ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá sún mọ́ra, títí wọ́n á fi tò tẹ̀ léra wọn lójú ọ̀nà ìbalẹ̀.

Nídìí àrọ náà, níbi tí pápákọ̀ wà, ilẹ̀ ni Bravo ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gòkè. Bí ẹ bá tún sún, á tún gòkè sí i. Ìdí ni pé bàálù ńlá kì í já wálẹ̀ bí òkúta. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 300 fún máìlì ojú omi kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò. Bó bá ku máìlì 10 kó balẹ̀, yóò ṣì wà lókè ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000. Kí ni wọ́n fẹ́ ti gbogbo òfurufú abẹ́ ibẹ̀ mọ́ bàálù kékeré lójú fún? Ó lè gba abẹ́ àrọ kọjá láìkágò.

Lórí máàpù awakọ̀, ìlà búlúù ni wọ́n fi ya àyíká yìí, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà méjì sínú apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì. Bí ẹ bá rí 70 lókè, 15 nísàlẹ̀, ẹ fi òdo méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: láti ẹsẹ̀ bàtà 1,500 dé 7,000 ni Bravo wà lápá ibẹ̀, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Bó bá jẹ́ SFC ló wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, Bravo ń ga dé 10,000. Ti New York kò kọjá 7,000, ṣùgbọ́n àrọ ibẹ̀ nídìí mẹ́ta: JFK, LaGuardia àti Newark, tí wọ́n sún mọ́ra débi pé Bravo kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní àwọn pápákọ̀ tí èrò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Class C àti Class D, bí awakọ̀ bá ti pe adarí òfurufú lórí rédíò, tí adarí sì dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà bàálù rẹ̀, ó parí. Kódà bó bá jẹ́ pé "dúró ná" ni adarí fi kún nọ́ńbà yẹn, òfin kà á sí pé àwọn méjèèjì ti bára sọ̀rọ̀. "Ta nìyẹn" ti tó láti wọlé níbẹ̀. Ní Bravo, kò tó.

Ẹ wo awakọ̀ kan tó gbéra ní Republic, pápákọ̀ tó wà ní Farmingdale ní Long Island, lápá ìlà-oòrùn JFK. Ó pe New York Approach, àwọn adarí tó ń bójú tó bàálù tó bá ń sún mọ́ New York. Ó sọ nọ́ńbà bàálù rẹ̀, ibi tó wà, bó ṣe ga tó, ó sì ní JFK lòun ń lọ. Adarí fún un ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin kó tẹ̀ ẹ́ sínú transponder, ẹ̀rọ tó ń fi bàálù han rédà. Ó tẹ̀ ẹ́. Adarí ní "radar contact", ìyẹn ni pé òun ti rí i. Ibí yìí ni ọkàn awakọ̀ tuntun ti máa ń balẹ̀ jù: wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà, wọ́n ti rí i, kí ló tún kù? Èyí tó ṣe kókó ló kù. Kò tíì sẹ́ni tó ní kó wọlé. Ó gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ gbólóhùn náà, pẹ̀lú nọ́ńbà bàálù tirẹ̀ nínú rẹ̀: "cleared into the Bravo airspace." Àgò yà nìyẹn. Bí kò bá tíì gbọ́ ọ, kó máa yí po níta, kó sì béèrè láìtijú bóyá wọ́n ti gbà á láyè. Adarí tọ́wọ́ rẹ̀ kún lè ní "remain outside", pé kó dúró síta. Ó lè pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì lè má gbà á wọlé rárá lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá ń fò lábẹ́ IFR, ìyẹn ẹni tó ti fi ètò ìrìnàjò rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń fi irinṣẹ́ ríran nínú ìkùukùu, àgò yà ti wà nínú àṣẹ ìrìnàjò tí wọ́n fún un. Ẹni tó ń fi ojú ara rẹ̀ wọ̀nà lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bó bá ṣèèṣì wọlé láìgbàṣẹ, adarí lè ka nọ́ńbà fóònù kan fún un pé kó pè bó bá balẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí. Ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan.

Ó lè dà bíi pé wọ́n ń fi bàálù ńlá fín bàálù kékeré níran. Ẹ̀mí tó ti bọ́ ló mú òfin náà le tó bẹ́ẹ̀. Ní 1970 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú àyíká yìí sílẹ̀; TCA ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ó di 1993 kó tó gba orúkọ Class B. Los Angeles ní TCA tirẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1986, ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù, bàálù akérò DC-9 kan ti iléeṣẹ́ Aeroméxico ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí Los Angeles. Bàálù Piper kékeré kan, tí èèyàn mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ti wọ inú TCA láìgbàṣẹ. Ó ní transponder, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Àwọn méjèèjì kọlu ara wọn lókè ìlú Cerritos. Gbogbo èèyàn 64 tó wà nínú DC-9 kú, àwọn mẹ́ta inú Piper kú, èèyàn 15 sì kú lórí ilẹ̀. Wọ́n jẹ́ 82. Àwọn olùwádìí ní awakọ̀ Piper náà kò mọ̀ọ́mọ̀ wọ ibẹ̀. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó di dandan kí bàálù tó bá sún mọ́ irú pápákọ̀ bẹ́ẹ̀ ní máìlì 30 lo transponder tó ń sọ bó ṣe ga tó, kí àwọn bàálù akérò ńlá sì ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún wọn bí bàálù mìíràn bá ń bọ̀ wá bá wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, wọ́n fi ADS-B kún un, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bàálù wà láìdúró. Ní ti awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá bàálù fò kò gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí JFK, LaGuardia, Newark, O'Hare ní Chicago, tàbí Los Angeles. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni.

Kó wá gbọ́ àgò yà tán, iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Cessna 172 máa ń fi bíi knot 65, ìyẹn máìlì ojú omi 65 ní wákàtí kan, balẹ̀. Bàálù akérò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń sáré bíi 140, kò sì lè rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìyẹ́ rẹ̀ kò ní lè gbé e dúró mọ́. Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ Márúwá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí tírélà náà ò sì lè tẹ búréèkì. Ìdí nìyí tí adarí fi máa ń bẹ awakọ̀ kékeré pé kó má dẹ eré sílẹ̀. Á máa sáré bọ̀ ní 110 títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kó tó wá rọra. Ààyè wà fún un: ojú ọ̀nà tó gùn jù ní JFK jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14,511, Cessna kò sì nílò ju bíi 1,500 lọ nínú rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó bà á lẹ́rù ni ohun tí kò ní fojú rí. Gbogbo bàálù tó bá ń fò ló ń fi ìjì méjì sílẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀kan láti ṣóńṣó ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń yí bí ààjà. Bí bàálù bá ṣe wúwo tó ni ìjì náà ṣe ń le tó. Boeing 777-300ER lè gbéra pẹ̀lú ìwúwo tó lé ní tọ́ọ̀nù 351. Cessna 172S kò ju kílò 1,157 lọ. Ọ̀kan fi nǹkan bí ìlọ́po 300 ju èkejì lọ. Bí Cessna bá kó sínú ìjì 777, ó lè dojú dé kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítòsí ilẹ̀ tí kò ti sí àyè láti tún un ṣe.

Àmọ́ ìjì yìí ní ìwà tí a mọ̀: ó máa ń rì lọ sílẹ̀, kì í gòkè, bí ẹsẹ̀ bàálù náà bá sì ti tẹ ilẹ̀ tó jókòó, kì í mú òmíràn jáde mọ́. Nítorí náà, awakọ̀ kékeré á dúró lókè ipa ọ̀nà bàálù ńlá tó ṣáájú rẹ̀, á fojú sàmì sí ibi tí táyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀, á sì kọjá ibẹ̀ kó tó balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni bàálù ńlá náà gbéra, òdì-kejì ni: kó balẹ̀ kó tó dé ibi tí imú rẹ̀ ti gbé sókè. Adarí á ní "caution wake turbulence", á kìlọ̀ fún un. Tí awakọ̀ bá sì ti ní òun rí bàálù iwájú, tó gbà láti tẹ̀ lé e, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni wíwá àlàfo tó tó ti wà.

Owó náà ń bẹ níbẹ̀. Ní 1968, Port Authority tó ń bójú tó pápákọ̀ New York gbé owó tó kéré jù tí bàálù kékeré ń san ní wákàtí tí èrò pọ̀ láti dọ́là 5 sí dọ́là 25, kí wọ́n lè wá ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ sì lọ. Lónìí, Teterboro ní New Jersey ni ọ̀pọ̀ bàálù aládàáni tó ń bọ̀ ní New York ń bà sí, LaGuardia sì ń béèrè pé kí bàálù tí kò ní àkókò ìrìnàjò tí wọ́n ti kéde gba àyè sílẹ̀ ṣáájú.

Bí awakọ̀ bá ti balẹ̀, kó má dúró wòran lójú ọ̀nà. Kó yà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹ̀ka àkọ́kọ́ tó bá lè yà sí, kó pe adarí ilẹ̀, kí wọ́n máa júwe ọ̀nà fún un dé ibi tí bàálù aládàáni ń gúnlẹ̀ sí. Bó bá sì fẹ́ padà sí Republic lọ́jọ́ kejì, inú Bravo ló ṣì wà, àní nígbà tí táyà rẹ̀ wà lórí ilẹ̀. Kó tó sún lọ síbi ojú ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ mú rédíò, kó sọ nọ́ńbà bàálù rẹ̀, kó tún kágò.