Oògùn Ojú Tó Ní Sítẹ́rọ́ìdì: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ní Ká Máa Kán An, Tí Wọ́n Tún Ní Ká Máa Bẹ̀rù Rẹ̀?

Ẹni tí dókítà ojú bá kọ oògùn sítẹ́rọ́ìdì fún sábà máa ń gbọ́ ohùn méjì. Dókítà á ní, "Ẹ má pa á jẹ o, wákàtí wákàtí ni kẹ́ ẹ máa kán an." Tó bá délé, ẹnì kan á tún pariwo pé, "Hàà, irú oògùn yẹn ló fọ́ ojú lágbájá!" Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ìyẹn ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ aláìsàn lójú. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́nu èèyàn nìyí.

Ṣé sítẹ́rọ́ìdì tí àwọn tó fẹ́ kí apá wọn yọ iṣan ń lò náà nìyí?

Rárá o. Ìyẹn jọ họ́mọ́ònù ọkùnrin. Ti ojú yìí jọ cortisol, èròjà tí ẹṣẹ́ méjì kéékèèké tó jókòó sórí kíndìnrín ń ṣe nínú ara wa lójoojúmọ́. Ìwádìí lórí àwọn èròjà ẹṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kendall, Reichstein àti Hench, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní 1950. Lára ìgò, orúkọ tí ẹ máa bá ni prednisolone, dexamethasone, betamethasone, fluorometholone tàbí loteprednol. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, wọ́n máa wúlò fún yín láìpẹ́.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú ojú?

Bí nǹkan bá ṣe ojú, ara á rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, omi á máa jò gba ara rẹ̀, ojú á pọ́n, á wú, á sì máa ro ni. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lèèyàn fi gbún nǹkan, irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò burú, ara ló ń tún ara ṣe. Ṣùgbọ́n inú ẹyinjú dà bí yàrá tí wọ́n fi gíláàsì kọ́. Ìjà tí wọ́n bá jà níbẹ̀ ló ń ba gíláàsì jẹ́. Nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní uveitis, níbi tí awọ tó yí ọmọlójú ká ti wú, awọ náà lè lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọlójú má sì rí roboto mọ́. Sítẹ́rọ́ìdì ló ń pe àwọn ọmọ ogun náà padà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ ọ́ fún ẹni tó ní uveitis àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá mú kó gbé ìgò jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi ojú ara rẹ̀ wewu.

Ojú mi pọ́n, oògùn tí wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́sí ṣì kù. Ṣé kí n kán an?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kán an. Ojú tó pọ́n nítorí àlẹ́jì, èyí tó pọ́n nítorí uveitis, èyí tí kòkòrò ń jẹ, wọ́n lè jọra bí ìbejì téèyàn bá wò wọ́n nínú dígí. Fáírọ́ọ̀sì herpes, irú èyí tó máa ń sú sí ètè èèyàn, lè dá egbò tó yọ ẹ̀ka bí igi sórí cornea, ìyẹn awọ dídán tó wà níwájú ẹyinjú. Bí igi tàbí ewé bá gún ojú, fọ́ńgọ́ọ̀sì lè wọlé síbẹ̀. Tí a bá wá kán sítẹ́rọ́ìdì sírú ojú bẹ́ẹ̀, a ti ní kí àwọn ọmọ ogun fi ibodè sílẹ̀ nígbà tí ọ̀tá ṣì wà nínú ilé. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ara lè kọ́kọ́ tu aláìsàn. Ojú á mọ́, ìrora á dínkù, á máa dúpẹ́. Àmọ́ kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ìgbà tó bá máa fi hàn, egbò náà lè ti fi àpá sí ibi tó fi ń ríran.

Dókítà ojú máa ń kán aró kan sójú, á sì fi iná búlúù wò ó, kí egbò orí cornea lè hàn. Kò sí bí ẹni tó wà nídìí káńtà ilé oògùn ṣe lè fojú lásán rí i.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ìgò tí wọ́n ti po oògùn tó ń pa bakitéríà pọ̀ mọ́ dexamethasone tàbí betamethasone. "Oògùn kòkòrò" lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, wọn ò mọ̀ pé sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni àwọn orúkọ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ti máa wúlò.

Ìfọ́jú tí wọ́n ń sọ yẹn ńkọ́?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ojú máa ń ṣe omi kan nínú ara rẹ̀, omi náà sì ní ojú ìṣàn tó ń gbà jáde. Sítẹ́rọ́ìdì lè mú kí ojú ìṣàn yẹn dí. Omi ń wọlé, kò rọ́nà jáde tó, ìfúnpá inú ojú á wá máa gòkè. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà láàárín 10 sí 21 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí a bá ń kán sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára fún ọ̀sẹ̀ bíi 4 sí 6, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 3 ni tirẹ̀ máa gòkè níwọ̀nba, àwọn bí 5 nínú 100 ni tiwọn á sì gòkè gan-an.

Kì í dunni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ojú kò pọ́n, kò ro, ìwé ṣì ń ṣeé kà, síbẹ̀ iṣan tó ń gbé àwòrán lọ sí ọpọlọ ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ń pe ìyẹn ní glaucoma, èyí tó bá sì ti kú nínú iṣan náà kì í jí mọ́. Nítorí náà, ti pé ara ń tù yín kọ́ lẹ fi máa mọ̀ pé kò séwu, ẹ̀rọ ló lè sọ ọ́. Tí oògùn náà bá máa kọjá ọjọ́ 10, ó yẹ kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ojú yín. Tí wọ́n bá tètè rí i, tí dókítà sì pààrọ̀ oògùn tàbí dá a dúró, ó sábà máa ń wálẹ̀ padà.

Ẹni tó bá ní glaucoma tẹ́lẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní in, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán rárá láìsí gíláàsì tó lágbára, kí wọ́n tètè sọ fún dókítà. Àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀, tiwọn ló sì ń ká mi lára jù. Ojú ọmọ ń yún un nítorí àlẹ́jì, òbí kán oògùn yìí, ìyún náà lọ, òbí sì ń ra òmíràn ní gbogbo ìgbà tó bá padà dé, fún oṣù, fún ọdún. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọmọ náà sì lè pàdánù ojú rẹ̀. Bó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, oògùn náà tún lè mú kí lẹ́ńsì inú ojú di kùrukùru, ìyẹn cataract, àmọ́ iṣẹ́ abẹ lè tún ìyẹn ṣe.

Ojú mi ti mọ́. Ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fi kún un. Nínú uveitis, tí ẹ bá já a lójijì, ìwú náà lè padà tìbínú-tìbínú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù: ó lè bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí wákàtí, kó wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èyí tí dókítà bá kọ fún yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Báwo ni kí n ṣe kán an?

Ẹ fọwọ́. Ẹ gbo ìgò dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ prednisolone acetate, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń sìlẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá gbò ó, omi lásán lẹ máa kán. Ẹ gbójú sókè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wá, kẹ́ ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo, kí ẹnu ìgò má kan ojú. Ẹ̀kán kejì kò ní ríbi gbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ṣàn sí. Ẹ di ojú, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, nítorí ihò kan wà níbẹ̀ tó ń gbé oògùn lọ sínú imú àti ọ̀fun, òun ló ń mú kẹ́ ẹ máa gbọ́ kíkorò lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ní oògùn ojú míì, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 5 láàárín, kí èyí tó dà bí ìpara kẹ́yìn. Ẹ má fi lẹ́ńsì àfisójú (contact lens) sínú ojú tó ń ṣàìsàn. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò ló yẹ kẹ́ ẹ dànù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, kódà bó bá ṣì kù.

Ìgbà wo ni kí n sáré padà sọ́dọ̀ dókítà?

Tí ìrora bá ń le sí i, tẹ́ ẹ bá rí i pé ìríran ń dínkù, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún yín lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ojú bá ń yọ ọyún, tàbí tí funfun kan bá yọ lórí dúdú ojú. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ mú ìgò náà dání lọ, àti gbogbo ìgò míì tẹ́ ẹ ti kán, títí kan èyí tẹ́nì kan fún yín, kí dókítà lè mọ ohun tó ti wọ ojú náà.