Ìbágbé ìrora ni, kì í ṣe "ìṣàkóso ìrora"

Ètò kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tí ìrora kò fi sílẹ̀ bí yóò ṣe máa bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ; orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n á sì máa rí ara wọn. Orúkọ tí a ó máa pè é ní Yorùbá ni mo ń bá yín sọ. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní "ètò ìṣàkóso ìrora bárakú orí fídíò". Bárakú yẹn dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí. Ìrora tó bá ti lé ní oṣù 3 ni àwọn oníṣègùn ń pè bẹ́ẹ̀. "Ìṣàkóso" ló ń bí mi nínú. A gbọ́ pé wọ́n ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́, a gbọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ta ló ń ṣàkóso ẹ̀yìn dídùn? Ẹni tí ara ń ro tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yóò rò pé tí ìrora náà kò bá gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, ẹ̀bi òun ni. "Ìtọ́jú ìrora" tún burú jù ú lọ, torí ìwòsàn ni gbogbo wa máa ń retí lẹ́yìn ìtọ́jú, ètò yìí kò sì ṣèlérí ìwòsàn fẹ́nì kankan. Ìbágbé ìrora ni mo pè é, òun náà ni n ó máa pè é.

Ẹ fi wé ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde. Ẹ ti pe ọlọ́pàá, ẹ ti pe baálé, kò lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń bá a jà, ẹ kò rí oorun sùn, ẹ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ẹ wá mọ àkókò tó máa ń jí, ẹ mọ ohun tó máa ń bí i nínú, ẹ sì padà sẹ́nu òwò yín. Ó ṣì wà nínú ilé o, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ ilé mọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lónìí tó fọ gbogbo aṣọ ilé tán lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi dùbúlẹ̀. Wọ́n á ní kó fọ mẹ́rin, kó sinmi, kó tún fọ mẹ́rin, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí ara dá tàbí ọjọ́ tí kò dá.

Ó wá ku "fídíò". Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester wà nínú irú ètò yìí; nígbà Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ wọn lọ́hùn-ún gbé e kúrò ní ọsibítù wá sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún ìyá wa níbí, nílé wa ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, pé orí fídíò ni. Wọ́n ní, "Ṣé fíìmù ni yóò kàn máa wò ni?" Màmá ló jàre. Lẹ́nu wa, ohun tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni fídíò. Mo ní ká máa pè é ní ìfojúrinjú orí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ògbufọ̀ bá mi jiyàn gan-an pé àwọn tí kò sí nínú yàrá kan náà kò lè fojú rinjú. Ṣùgbọ́n kí àbúrò mi tó tẹ orúnkún, físíò rẹ̀, ìyẹn onímọ̀ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, á kọ́kọ́ béèrè ilé tó wà lọ́jọ́ náà àti nọ́ńbà ẹni tó lè sáré dé bó bá ṣubú. Á ní kó fa àga ti ògiri, kó sún fóònù sẹ́yìn títí òun yóò fi rí i látorí dé gìgísẹ̀. Agolo tòmátì ló máa ń gbé fóònù náà tì. Lọ́jọ́ kan físíò yẹn rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń gbé ara lé, ó sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Fíìmù wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ní báyìí, bí Màmá bá pè é ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ẹ ti fojú rinjú lónìí?"