Bí a ṣe ń wo àwòrán ìkòkò tí a fi àwọ̀ olómi yà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ílé-Ifẹ̀, a máa fi àwọ̀ olómi ya ìkòkò, igbá, apẹ̀rẹ̀ àti àpótí ìjókòó. Ẹni tó bá rí i á ní, "Ó mà jọ ọ́ o!" Kò burú, àmọ́ jíjọ kọ́ ni olórí iṣẹ́ níbẹ̀. Fọ́tò náà ń jọ ohun tí wọ́n yà.

Àwọ̀ lílọ̀ tí wọ́n fi oje igi pò ni àwọ̀ olómi, irú oje tí wọ́n ń rí ní ìhà Àríwá Nàìjíríà. Tí a bá fi omi là á, kì í bo bébà mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà ilé. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á kan bébà funfun nísàlẹ̀, á sì ta padà sójú wa. Bébà yìí ni funfun ayàwòrán. Ibi tó ń dán níkùn ìkòkò, kò fọwọ́ kàn án rárá, nítorí náà ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò fi sílẹ̀ kí burọ́ọ̀ṣì tó kan omi.

Bí aláró ṣe ń ri aṣọ, tó ń sá a, tó tún ń rì í, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ṣe ń gun ara wọn, láti orí èyí tó fẹ́lẹ́ dé orí èyí tó dúdú. Bí tàkọ́kọ́ kò bá tíì gbẹ kí èkejì tó dé, gbogbo rẹ̀ á rú pọ̀. Lásìkò ọyẹ́, ó ń yá. Nígbà òjò, ẹ fa àga, kí ẹ jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká mú ìkòkò Ìpetumodù. Ọwọ́ ni àwọn ìyá fi ń mọ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í yípo gúnrégé. Ayàwòrán tó bá fi kọ́ńpáàsì yí i ti ba iṣẹ́ jẹ́. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń sun ún, ibi tí èéfín bá há mọ́ á dúdú. Láti ya àbààwọ́n yìí, omi lásán ni wọ́n á kọ́kọ́ fi rin bébà, kí wọ́n tó kán dúdú sí i, kí etí rẹ̀ lè fọ́n ká fúnra rẹ̀. Àwọn ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí sọ́rùn ìkòkò ńkọ́? Bébà gbígbẹ nìyẹn ń fẹ́, pẹ̀lú burọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín. Tèmi ni pé ibẹ̀ la ti ń dá ẹni tó wo ìkòkò mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn rántí rẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ ìjọba rí ní Amẹ́ríkà. Láti 1935 di 1942, bí ọrọ̀ ajé wọn ṣe dẹnu kọlẹ̀, ìjọba ń sanwó fún ayàwòrán láti ya àga, ìkòkò, ọmọláńgidi àti irinṣẹ́ tí àwọn èèyàn lásán fọwọ́ ṣe. Index of American Design ni wọ́n pè é. Nǹkan bí 18,000 àwòrán ló wà ní National Gallery of Art ní Washington. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun náà nìkan ni wọ́n yà, pẹ̀lú òjìji díẹ̀, tòun ti ibi tó ti jẹ tàbí tó ti sán.

Oòrùn ló ń pa àwọ̀ olómi. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣá. Ògiri tí oòrùn kì í kọjú sí ni ká gbé e kọ́, kí páálí sì wà láàárín bébà àti gíláàsì, torí bí ọ̀rinrin òjò bá há síbẹ̀, bébà á bu.