Táímà ti dún, ṣé iṣẹ́ wá ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúrò lórí cron, ètò tó ń bá èèyàn ṣe iṣẹ́ lásìkò lórí Linux, tẹ́ ẹ bọ́ sórí táímà systemd, ètò tó ń darí àwọn iṣẹ́ inú Linux, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wo systemctl list-timers, àṣẹ tó ń to àwọn táímà síta, kẹ́ ẹ wá fọkàn balẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ LAST sí yẹn, ìgbà tí táímà dún kẹ́yìn ló ń sọ fún yín, bóyá iṣẹ́ ọ̀hún ṣe àbí ó dojú dé, ìyẹn ò kàn án. Kódà kí sáfíìsì (service, iṣẹ́ tí táímà ń jí) fọ́ yángá lóru, táímà á padà sípò ẹ̀, á máa retí ìgbà tó kàn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi tẹ́ ẹ bá fi OnFailure= (ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá kùnà) sínú sáfíìsì yẹn, àbí kẹ́ ẹ lọ fi journalctl yẹ àkọsílẹ̀ (journal) wò fúnra yín.

Táímà ò mọ̀ ju kó jí sáfíìsì lọ. Tó bá débẹ̀ tó bá a lójúfò, pé ó ṣì ń ṣe tàná lọ́wọ́, kò ní dá a dúró, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bíi ti cron tó máa ń to iṣẹ́ léra. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká ní OnCalendar=*:0/15 (ìṣẹ́jú 15-15) lẹ fi sí bákọ́ọ̀pù tó ń gba ìṣẹ́jú 20, ẹ máa rò pé á fo ẹ̀ẹ̀kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀, rárá o, bó ṣe ń parí ló tún máa gbéra, torí ìgbà tó dún kẹ́yìn ni systemd fi ń ka èyí tó kàn, àsìkò yẹn sì ti kọjá kí iṣẹ́ tó parí, ni dísìkì ò bá sinmi mọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Láti systemd 257, DeferReactivation=true ló ń yanjú ẹ̀. Tí tiyín bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo OnUnitInactiveSec=15min, ìgbà tí iṣẹ́ parí lòun fi ń kà, ṣùgbọ́n ẹ fi OnBootSec= (tó ń kà látìgbà tí ẹ̀rọ tàn) tì í, torí òun nìkan ò lè bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́.

Èyí tó máa ń dààmú èèyàn jù ni RemainAfterExit=yes. Ẹni tó sùn là ń jí, eléyìí sùn tán ó ní òun ò sùn: iṣẹ́ ti parí, àmọ́ ẹ máa rí active (exited) nínú status, táímà á dún lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Oneshot, ìyẹn sáfíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ tán tó sì ń parí, tó bá parí dáadáa, inactive (dead) ló yẹ kó kọ, ẹ má jẹ́ kí dead yẹn já yín láyà.

Persistent=true, OnCalendar nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa nígbà tó yẹ kó dún, á ṣe é bẹ́ ẹ bá ti tàn án. Àti pé táímà onígbà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi àṣẹ systemd-run --on-active ṣe, tó bá dún tán, á pòórá nínú list-timers, ẹ má wá a kiri, inú journal ni kẹ́ ẹ ti lọ wo ohun tí iṣẹ́ náà ṣe.