Gbànja Kì Í Lé Ọtí Kúrò Lára

Lóde ìnáwó wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí ẹni tó máa wakọ̀ bá ti yó, ẹ máa gbọ́ kí wọ́n ní, "Ẹ fún un ní gbànja kó jẹ, ọtí á dá lójú ẹ̀." Àwọn mìíràn á ní kó mu kọfí tí kò ní mílíìkì.

Mo mọ iyì gbànja. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ń gbìn ín, ọjà obì Ṣàgámù sì ń rán an lọ sókè Ọya. Ṣùgbọ́n kò lé ọtí kúrò lára ẹnikẹ́ni.

Ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wa ní àwọn ìjókòó kéékèèké, kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Adenosine ni èyí tó ń mú kí oorun kun èèyàn. Ọtí máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ojú ẹni tó yó fi ń wúwo. Caffeine inú obì àti kọfí á wá lọ gba ìjókòó adenosine, oorun á sì lọ. Ṣùgbọ́n ọtí tún ń ti kẹ́míkà mìíràn, GABA, lẹ́yìn, èyí tó ń mú iṣẹ́ ọpọlọ falẹ̀. Obì ò rí ìyẹn ṣe.

Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ gbànja tán: ojú ẹ̀ là, ọ̀rọ̀ ẹ̀ já gaara. Ẹ ní kó dijú, kó na apá, kó wá fi ìka kan imú, ìka á lọ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, á gbá ògiri mú. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fẹ́ fi tẹ búréèkì lọ́nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bẹ̀nẹ́ẹ̀! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé òun fúnra ẹ̀ ti gbà pé ara òun dá. Ká ní oorun ṣì ń kùn ún, bóyá kò ní bèèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó ń po caffeine mọ́ ọtí, torí irú ewu yìí gan-an.

Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn eku tó ti yó ní egbòogi kan, Ro15-4513, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìjókòó GABA. Àwọn eku ò ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n mọ́, síbẹ̀ ọtí inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò dín. Egbòogi yẹn ò dé ọjà rí.

Àwọn oògùn mìíràn ń fi kún ọtí ni. Ẹni tó bá lo Valium, Lexotan tàbí tramadol lé ọtí lórí, èémí ẹ̀ lè dúró lójú oorun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí kúrò, bíi gíráàmù 7 sí 10 ní wákàtí kan. Ìgò bíà ńlá kan, 60 cl, tí agbára ẹ̀ jẹ́ 5%, ní bíi gíráàmù 24. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìgò mẹ́ta ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó lè di aago mẹ́rin sí méje àárọ̀ kí gbogbo ẹ̀ tó kúrò lára ẹ̀, ì báà jẹ odindi apẹ̀rẹ̀ gbànja. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹní fún un nílé olóde.