Bí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ṣe Di Amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn

Àpótí kékeré kan ló kọ́kọ́ wà lára ògiri. Wáyà gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé wá bá a, ohun kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ yí, èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Onílé kò lè yan ohun tó wù ú láti gbọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí wáyà ni yóò gbọ́, owó rẹ̀ ni yóò sì máa san lóṣooṣù. Rẹdifúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ó dé Èkó ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939, ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé jáde. Àwọn bàbá wa gbọ́ ọ títí, wọ́n wá sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo rédíò jogún títí dòní: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì.

Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò kàn fi ṣàpèjúwe ẹ̀rọ, ó ń fi ẹ̀hónú hàn ni. Ní ilẹ̀ wa, ta ló ń sọ̀rọ̀ tí kì í retí èsì? Ẹni tó bá pa ààlọ́ á ní “Ààlọ́ o”, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi dáhùn pé “Ààlọ̀”. Ẹni tó ń kéwì fẹ́ kí wọ́n gbè é. Kódà ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, bó bá kí ọ tí o dákẹ́, ó di ọ̀rọ̀. Ó wá ku àpótí kan lára ògiri tó ń dá sọ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.

Nígbà tó yá, àpótí náà já Ìbàdàn sínú ìjà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dìde nílé aṣòfin ní Èkó, ó dá a lábàá pé kí Nàìjíríà máa ṣèjọba ara rẹ̀ láti 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọdún náà. Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó tó jẹ́ olórí wọn, ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi “ìgbà tó bá ti ṣeé ṣe” rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di fà-á-ká-ja-á, làwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti ti NCNC bá dìde, wọ́n jáde. Gómìnà John Macpherson gba orí rédíò lọ, ó di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru àwọn tó jáde, gbogbo ìlú sì gbọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ Action Group, ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fi fèsì. Wọ́n ní kò sáyè.

Orúkọ ń ro ọmọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì kọ̀ láti gba èsì.

Àwọn kan á ní ìgbéraga olóṣèlú ló bí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bú lójú ọjà tí wọ́n sì dí lẹ́nu, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ẹnu mìíràn. Nígbà tí òfin ìlú tuntun ti 1954 gba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú rẹ̀, tètè mú un lò. Owó kòkó wà lápò ìjọba nígbà náà, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Awólọ́wọ̀, tó ti di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò fi mọ sórí rédíò. Ìjọba rẹ̀ da owó pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ní àpótí ara ògiri rí, wọ́n sì jọ dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV (Western Nigeria Television) sílẹ̀ ní Agodi, ní Ìbàdàn. Ọ̀kan lára àwọn òpó tó ń tan àwòrán rẹ̀ ká wà lórí òkè Màpó, níbi tó ti ń wo gbogbo páànù ìlú láti òkè.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí nínú dígí tẹlifíṣọ̀n náà, ó kí wọn, ó sì sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn. “Àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà” ni WNTV fi ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan ti wà ní Casablanca ní 1954, lábẹ́ àwọn Faransé, kò sì pẹ́ tó fi kógbá wọlé. Torí náà n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó mú orí mi wú ni pé ti Ìbàdàn yìí, ìjọba tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn dìbò yàn ló dá a sílẹ̀, nígbà tí òmìnira ṣì ku oṣù mọ́kànlá.

Ìdìbò àpapọ̀ wáyé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Awólọ́wọ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí Èkó, ibẹ̀ ló ti di olórí ẹgbẹ́ alátakò. Ẹni tó torí èsì kọ́ ilé náà kò pẹ́ nídìí rẹ̀ lẹ́yìn tó kọ́ ọ tán. Àwọn mìíràn ló wá kún inú rẹ̀.

Ṣẹ́gun Olúṣọlá wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà pé eré orí ìtàgé lè gbé inú àpótí. Ní 1960, òun ló darí eré kan tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún tẹlifíṣọ̀n náà. Nígbà yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe eré. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, gbogbo Ìbàdàn ló rí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò Yorùbá gbabẹ̀ wọlé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, àti Moses Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé olórin ni Bàbá Sàlá tẹ́lẹ̀, pé King Sunny Adé ti bá a lùlù rí kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọ́ di aláwàdà gbogbo ilé: gílàásì tó fẹ̀ ju ojú lọ, táì labalábá ńlá, àti agogo ńlá tó gbé kọ́rùn. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan mọ ohun tó ń ṣe. Lójú tèmi, àwọn eré yìí ló gbin tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ Yorùbá. Ìjà òṣèlú kọ́ ọ, ẹ̀rín ló mú un fìdí múlẹ̀.

Ẹnìkan tún wà tí wọn kì í sábà dárúkọ mọ́ ìtàn yìí. J. D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó, wá sí Ìbàdàn ní 1954, ó ń bá Ẹ̀ka Ìròyìn ìjọba fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn. Ní 1961, WNTV gbà á sí iṣẹ́ onífọ́tò, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1963 kó tó kọjá sí Èkó. Láti 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin: sùkù, onílé gogoro, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, pẹ̀lú ọrùn àti èjìká, kí irun lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn ti yí ayé ká báyìí. Bí mo bá wò wọ́n, inú mi máa ń dùn pé ara àwọn ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń mọ iṣẹ́, Agodi ló ti lò ó.

Ìlú tó ń jọ jẹun, tó ń jọ wòran ni Ìbàdàn ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1961 kan náà, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní àdúgbò Dúgbẹ̀, ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó. Oúnjẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń lọ, eré ń lọ ní àgbàlá. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ àwọn èèyàn, láìsí òǹkọ̀wé kankan níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n wọ́n. Lọ́yà, dókítà, oníṣòwò ńlá ló lè rà á, bẹ́ẹ̀ kò sí iná ní gbogbo ilé. Ilé kan ládùúgbò á wá di ilé onítẹlifíṣọ̀n, orúkọ yẹn náà ni wọ́n á máa fi júwe ọ̀nà fún àlejò. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí dé. Àgbà jókòó sórí àga, ìyàwó ilé lórí àpótí, ọmọdé lórí ẹní níwájú, àwọn tí kò ráyè wọlé á dúró lójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó ń pè wọ́n, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Onílé tó bá tilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò lálẹ́ eré, kò ní gbọ́ tán lẹ́nu wọn láàárọ̀.

Níbi tí èrò bá sì pọ̀ sí, ọjà ò ní pẹ́ débẹ̀. Ẹ̀bá ìta irú ilé bẹ́ẹ̀ ni olùta gúgúrú àti ẹ̀pà máa ń pàtẹ sí. Mo rí i bí ẹni pé àná ni. Agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n, gúgúrú agolo méjì, ẹ̀pà agolo kan. Á ya ìwé ìròyìn àtijọ́, á ká a bí àrọ, á dà á sínú rẹ̀, á sì fi ènì lé e. Ooru ẹ̀pà náà á gba inú bébà kan ọ lọ́wọ́. Àwọn tí ebi ń pa gan-an á jẹ mọ́ínmọ́ín ewé pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù lójú ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Ọkà àti gbẹ̀gìrì kò wọ inú ìwòran, torí ọwọ́ kan kì í bọ ọbẹ̀ kó tún máa nà sí dígí. Bí eré bá dé ibi tó le, o ò ní gbọ́ nǹkan kan ní pálọ̀ ju ìró gúgúrú lẹ́nu lọ.

Ní ìdajì kejì ọdún 1970 sí 1979, ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, WNTV di NTA (Nigerian Television Authority) Ìbàdàn. Ìgbà yẹn ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Ilé wa ní Mọ́kọ́lá kọ́ ni ilé onítẹlifíṣọ̀n, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ní Òkè-Àdó, ibẹ̀ sì ni mo ti ń lo ọlidé. Dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n náà. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn onígi méjì tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun ló wà lórí rẹ̀, fọ́tò gbogbo ẹbí wà lórí aṣọ náà: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, àwọn ìbejì. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí onífọ́tò wá yà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Gbogbo ilé tò sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó to sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ ìyàwó, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí òun náà lè hàn. Bí o bá wo dígí rẹ̀ dáadáa, wàá rí onífọ́tò náà níbẹ̀, òun àti kámẹ́rà rẹ̀, kékeré bí èkùrọ́.

Ìyá Àgbà ló wà láàárín fọ́tò náà. Ìyá Àgbà kì í wo tẹlifíṣọ̀n láìwé gèlè. Ó ní kò yẹ kí ọkùnrin tó múra báyẹn wá jókòó síwájú òun kí òun ṣí orí sílẹ̀. Bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá ní “Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin olùwòran wa”, á dáhùn: “Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?” Nígbà kan tí mo sọ fún un pé kò gbọ́, ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ó kí wa, kí n wá dákẹ́?” Bí ìròyìn bá sì burú, á bá wọn kẹ́dùn níbẹ̀. Bí olóṣèlú bá sọ ohun tí kò gbà, á já a nírọ́ lójú ẹsẹ̀, gbogbo pálọ̀ á sì dá sí i, títí tí ọ̀rọ̀ inú ilé á fi bo ti inú dígí mọ́lẹ̀. Oríkì Ìbàdàn ní “Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé”. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní ìtumọ̀ tiwọn fún un, ṣùgbọ́n èmi, “èsì” ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀, ohùn Ìyá Àgbà ni mo sì fi ń gbọ́ ọ.

Èmi ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn tẹlifíṣọ̀n náà lálẹ́. Wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, agbóhùnsáfẹ́fẹ́ á ní ó dàárọ̀, Ìyá Àgbà á ní “Ó dàárọ̀ o, kí Ọlọ́run jí wa ire”. N óò pa á. Ìmọ́lẹ̀ á sá jọ sí àárín dígí, á kéré títí á fi ku ẹyọ kan bí ìràwọ̀. “Má tì í ná,” ni Ìyá Àgbà á wí, “jẹ́ kó délé.” Èmi pẹ̀lú rẹ̀ á jọ dúró títí ìmọ́lẹ̀ náà á fi kú, kí n tó yí kọ́kọ́rọ́.