Dáyósíìsì Àgùdà ti Abẹ́òkúta: Ìtàn àti Ogún Rẹ̀

Dáyósíìsì Àgùdà ti Abẹ́òkúta ni agbègbè Ìjọ Kátólíìkì tí Bíṣọ́ọ̀bù tí ó fi Abẹ́òkúta, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe ibùjókòó ń ṣàkóso. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ni Póòpù John Paul Kejì dá a sílẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, abẹ́ Èkó ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ wà. Dáyósíìsì mẹ́ta ni ó wà ní ẹkùn ìjọ Èkó: Èkó fúnra rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde àti Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Yewa ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó bọ́ sí ọwọ́ Abẹ́òkúta. Kàtídírà Pétérù Mímọ́ àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni àga Bíṣọ́ọ̀bù wà.

Ẹni tí ó bá fi ọdún 1997 nìkan díwọ̀n ọjọ́ orí ìjọ yìí yóò ṣi ìtàn rẹ̀ kà. Kí ó tó ní Bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti tó ọdún 117 tí àwọn fádà ti ń gbé Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni ó gbé orúkọ ìjọ náà wọ inú agboolé tí ìwàásù kò lè wọ̀.

Ìlú tí àwọn mìíràn ti ṣáájú wọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ká tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ni ó sì ṣáájú wọn. Àwọn Sàró tí wọ́n padà wá láti Freetown ni wọ́n fa àwọn míṣọ́nnárì wọ ìlú náà. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1842. Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Áńgílíkà, tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843. Ní 1846, Townsend padà wá láti máa gbé ibẹ̀, òun àti Samuel Àjàyí Crowther. Nígbà tí ó fi di 1859, ìlú náà ti ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Àwọn Àgùdà kò sí nínú ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ìgbà tí wọ́n dé, àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ọ̀rẹ́ láàárín àwọn olóyè. Àlejò tí kò mọ ìlú a máa da St. Peter's ti Aké, tí í ṣe kàtídírà àwọn Áńgílíkà tí ìtàn rẹ̀ sì pẹ́ gan-an, pọ̀ mọ́ kàtídírà àwọn Àgùdà nítorí orúkọ Pétérù tí ó wà lára méjèèjì. Ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìtàn wọn kò sì papọ̀.

Láti Lyon dé etí odò Ògùn

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, fún iṣẹ́ ìhìnrere ní Áfíríkà. SMA (Society of African Missions) ni a mọ ẹgbẹ́ náà sí títí di òní. Olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: ó dé Freetown ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sì pa á ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá. Augustin Planque, tí ó kù ní Lyon, ni ó mú iṣẹ́ náà dúró.

Ní 1860, Róòmù ya etíkun wa sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè míṣọ́n tí wọ́n fi orúkọ Dahomey pè. Ọdún kejì ni Fádà Francesco Borghero, ará Ítálì, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ó dé Èkó ní 1863. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá, tí wọ́n ń gbàdúrà láìní fádà. Ẹrú tí ó ti gba òmìnira, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pa Antonio, ni ó ń kó wọn jọ, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúrà. Ní 1864, Borghero wá wo Abẹ́òkúta, ní ọdún kan náà tí àwọn Ẹ̀gbá lé ogun Dahomey padà lẹ́ẹ̀kejì. Ó wò ó, ó sì padà. Kò sí fádà tí yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èkó pàápàá kò rí fádà tí ń gbé inú rẹ̀ títí di 1868.

Láàárín ìgbà náà, nǹkan yí padà ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ìbínú àwọn Ẹ̀gbá sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ru dé orí àwọn míṣọ́nnárì. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé wọn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni ìtàn pe ọdún náà. Nígbà tí ilẹ̀kùn tún máa ṣí, ẹni tí kì í ṣe ará Gẹ̀ẹ́sì ní àǹfààní tí àwọn tí wọ́n ti ṣáájú kò ní.

Ní 1880, Fádà Holley ti SMA dá míṣọ́n sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Odò Ògùn ni ọ̀nà ìgbà náà: ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ láti Èkó títí dé èbúté Arò, kí a tó fi ẹsẹ̀ wọ ìlú. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jù ní ìlú lákòókò yẹn ni Ògúndìpẹ̀ Alátíṣe ti Ìkìjà, jagunjagun tí àwọn ọba pàápàá ń wo ojú rẹ̀. Kò sí àlejò tí ó lè jókòó ní Abẹ́òkúta bí irú wọn bá kọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ni Holley àti Fádà Jean-Baptiste Chausse ti rin ìrìn àjò lọ sí òkè, sí àárín ilẹ̀ Yorùbá, láàárín àwọn ọdún 1880 sí 1890, kí wọ́n lè mọ ibi tí míṣọ́n mìíràn lè dúró sí. Ìyẹn ni pé Abẹ́òkúta di àtẹ̀gùn tí ìjọ náà gbà gòkè lọ.

Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ará Faransé mú wàhálà tirẹ̀ wá. Ní 1888, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Viard bá àwọn olóyè Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn tí ì bá fi ilẹ̀ wọn sí abẹ́ ààbò Faransé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fòyà, ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn fádà sì yí padà. Faransé fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ìpinnu ààlà tí ìjọba méjèèjì ṣe ní 1889 sì fi Abẹ́òkúta sí apá ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ó hàn pé ipa òṣèlú kò ní gbé míṣọ́n Àgùdà níbikíbi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀nà ìwòsàn ni wọ́n gbà.

Fádà Coquard àti Ilé Ìwòsàn Ọkàn Mímọ́

Fádà Jean-Marie Coquard dé Abẹ́òkúta ní 1890. Ní 1895 ni ilé ìwòsàn tí a mọ̀ sí Sacred Heart, èyíinì ni Ọkàn Mímọ́, bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kà á sí ilé ìwòsàn tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, ni ó wà títí di òní, abẹ́ dáyósíìsì ni ó sì wà.

Kí a rántí irú ìlú tí ó jẹ́. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó kò dé Abẹ́òkúta títí di òpin ọ̀rúndún náà. Ìjọba Ẹ̀gbá dá dúró, kò sí dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú ará ìlú. Egbò àdáàjiná, ibà, èèyàn tí igi wó lù, ìyá tí ìrọbí mú fún ọjọ́ púpọ̀: àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣe èyí tí agbára wọn ká, èyí tí ó nílò iṣẹ́ abẹ sì wá di ti Coquard. Iṣẹ́ abẹ ni òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ó tún kó àwọn adẹ́tẹ̀ mọ́ra, nígbà tí àwọn ará ilé wọn ń lé wọn jáde. Fún nǹkan bí ọdún 40 ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú ìlú kan ṣoṣo. Kò padà lọ darúgbó ní ilẹ̀ Faransé. Abẹ́òkúta ni ó kú sí ní 1933.

Lójú òǹkọ̀wé yìí, òun ni ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ìtàn ìjọ náà, ju bíṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí lọ. Ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ti múlẹ̀ sí, tí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò sì fi òrìṣà rẹ̀ sílẹ̀, kò lè di ti Àgùdà nípa iye ènìyàn, kò sì dì í. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí agboolé tí ó ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta tí ẹnì kan nínú rẹ̀ kò tíì sùn ní Lántòrò rí, yálà fún ìbímọ tàbí fún àìsàn.

Coquard kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn Sístà OLA (Our Lady of Apostles), ẹgbẹ́ tí Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1876, ni wọ́n gbé apá púpọ̀ nínú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin àti ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Ìtàn a máa dárúkọ àwọn fádà, a sì máa fi “àwọn sístà” kó gbogbo obìnrin wọ̀nyí pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ni aláìsàn ń rí láàárọ̀ àti lálẹ́.

Láti Èkó sí Abẹ́òkúta

Ní 1950 ni Èkó di dáyósíìsì àgbà, Leo Taylor sì ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀. John Kwao Aggey gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1965, Anthony Olúbùnmi Okogie sì gbà á ní 1973. Ní 1969, a yọ Ìjẹ̀bú-Òde kúrò lábẹ́ Èkó, Anthony Sànúsí sì di Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta, tí míṣọ́n rẹ̀ ti wà láti 1880, dúró fún ọdún 28 sí i.

Ìdúró yìí kò jẹ́ ti orúkọ lásán. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó lè fi ènìyàn joyè fádà. Òun ni ó máa ń ya òróró mímọ́ sí mímọ́ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tí ó ṣáájú àjíǹde, òróró tí gbogbo pàríìṣì yóò fi ṣe ìrìbọmi, tí wọn yóò sì fi ta àwọn aláìsàn lórí ní gbogbo ọdún. Òun kan náà ni ó ń pín fádà sí pàríìṣì, tí ó ń pinnu ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yóò dúró sí. Kí ó tó di 1997, Èkó ni gbogbo èyí ti ń wá, nǹkan bí kìlómítà 100 sí Abẹ́òkúta, ó sì tún jìnnà sí àwọn ìletò Yewa tí wọ́n wà lẹ́bàá ààlà orílẹ̀-èdè Benin.

Ẹni tí Róòmù yàn ní Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ni Alfred Adéwálé Martins, ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1959. Ó ṣàkóso títí di 2012, nígbà tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún fi í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Èkó ní ipò Okogie. Bí dáyósíìsì tí ó ti ara Èkó jáde ṣe fún Èkó ní olórí nìyẹn, kò tíì pé ogún ọdún. Àga Abẹ́òkúta ṣófo di 2014, tí Póòpù Francis fi yan Peter Káyọ̀dé Ọdẹ́tòyìnbó, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kejì.

Ilé ìwé, èdè àti àkọsílẹ̀

Bíi ti àwọn ìjọ yòókù, àwọn Àgùdà kọ́ ilé ìwé, ilé ìwé náà sì ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di Àgùdà. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba irú àwọn ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ni ó ń sanwó àwọn olùkọ́.

Látìnì ni wọ́n fi ń ṣe Mísà títí di ìgbà Ìpàdé Àgbáyé Kejì ti Vatican, tí ó parí ní 1965. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yorùbá wọ orí pẹpẹ. Ìlù, orin àti oríkì tí wọ́n ti ń dúró sí ìta gbàgede tẹ̀ lé e wọlé. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọjọ́ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, ni àjọ̀dún kàtídírà. Ọjọ́ Ọkàn Mímọ́, Ẹtì tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 19 lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, sì bá orúkọ ilé ìwòsàn mu.

Ogún kan wà tí a kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà àwọn fádà àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ ní èdè Faransé, wà ní ibi ìkó-ìwé-pamọ́ SMA ní Róòmù, wọ́n sì sọ púpọ̀ nípa àwọn fádà fúnra wọn. Orúkọ àwọn katikíìsì Ẹ̀gbá (àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́), àwọn ògbifọ̀, àwọn ìyálọ́jà tí wọ́n fi ilé gba àdúrà àti àwọn tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá láti oko kò pọ̀ nínú wọn. Àwọn ìwé ìrìbọmi ni ibi tí a ti lè wá wọn. Òfin ìjọ fi dandan lé e pé kí pàríìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tí a rì bọmi, ti òbí rẹ̀ àti ti òbí ìrìbọmi rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbéyàwó àti ti òkú. Fún ẹbí Ẹ̀gbá tí ó bá fẹ́ tọpa ìran rẹ̀ dé òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò wọ́pọ̀ kí ó rí àkọsílẹ̀ mìíràn tí yóò dárúkọ ìyá àti bàbá pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ni wọ́n, ikán àti òjò sì lè bà wọ́n jẹ́, nítorí náà ó yẹ kí a ti máa ya àwòrán ojú ewé wọn báyìí, kí a sì jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì mọ àwọn orúkọ náà jókòó tì wọ́n bí a ti ń kà wọ́n.